Òru Ẹ̀fẹ̀ Nínú Ọgbà Yunifásítì

Ìyá kan tó ń ta gàrí ní ọjà Pobẹ̀ nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ gba ìpè lórí fóònù níṣojú mi. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń kàwé ní yunifásítì Abomey-Calavi ló pè é. Kì í ṣe owó oúnjẹ lọmọ ń béèrè, kì í sì í ṣe owó ilé. Aṣọ òfì tí ìyá rẹ̀ ró lọ́jọ́ ìgbéyàwó ló fẹ́, pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn. Ó ní ọjọ́ àṣà ń bọ̀ nínú ọgbà wọn: àwọn ọmọ Nàgó yóò pàtẹ tiwọn, àwọn Fọ̀n tiwọn, àwọn Gùn, Bàrìbá àti Dẹndi tiwọn, tí ijó bá sì parí, gbogbo wọn yóò jókòó sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀tọ́ obìnrin àti ìrẹ́jẹ tó ń bá akẹ́kọ̀ọ́ fínra. Ìyá náà gbọ́ ọ tán. Ó ki fóònù bọ abẹ́ ìró, ó yíjú sí mi, ó ní: "Bàbá, ẹ gbọ́ o, ṣé ìwé ni mo rán ọmọ yìí lọ kà, àbí ijó?"

Mo dá a lóhùn díẹ̀, àmọ́ oníbàárà ti dúró ti òṣùwọ̀n, ọjà kì í sì í ṣe ibi ọ̀rọ̀ gígùn. Ohun tó kù tí mo fẹ́ sọ fún un rèé.

Ìyá, ẹ rántí òru Ẹ̀fẹ̀, òru orin tó máa ń ṣáájú ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ẹ rántí ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ń sún mọ́lé, tí wọ́n á gbá ojú ọjà mọ́, tí ìlù á ti máa dún látìgbà tí a bá jẹun alẹ́ tán, tí àwọn ọmọdé á sì sùn lórí ẹní kí ohun tí wọ́n ń retí tó dé. Ó máa ń pẹ́ kí Ẹ̀fẹ̀ tó jáde. Bó bá ń bọ̀, irin ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ kí ẹ tó rí i. Kò ní bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni. Yóò júbà ilẹ̀, yóò júbà àwọn òrìṣà, yóò júbà àwọn ìyá wa tí a kì í dárúkọ wọn lásán. Ìgbà tó bá júbà tán ni yóò wá la ẹnu. Ọkùnrin tó gba ilẹ̀ ọmọ òrukàn, ó di orin. Ìjòyè tó fi owó ìlú kọ́lé, ó di orin. Ọkọ tó ń na ìyàwó, oníṣòwò tó ń tẹ òṣùwọ̀n, òṣèlú tó ṣèlérí ọ̀nà tí kò sì ṣe é, kálukú ni yóò gbọ́ tirẹ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn lè wà níbẹ̀ láàárín èrò, kí gbogbo ojú yí sí i. Kò gbọdọ̀ dìde bá Ẹ̀fẹ̀ jà, kò sì gbọdọ̀ wá a wá sílé lọ́jọ́ kejì. Àṣẹ tó gbé Ẹ̀fẹ̀ ró ju ìbínú ẹnì kan lọ, ọwọ́ Ìyáláṣẹ̀, olórí Gẹ̀lẹ̀dẹ́, sì ni àṣẹ náà wà, ọwọ́ obìnrin.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fúnra rẹ̀ ń jó. Mo rántí orí igi kan tí oníjó gbé dáadáa. Ojú obìnrin ni, ó tutù bí omi àmù, ilà mẹ́ta mẹ́ta ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, wọ́n fi ẹfun kùn ún. Lórí ojú yẹn ni gbẹ́nàgbẹ́nà gbẹ́ àlejò kan sí, ọkùnrin tó wé láwàní, tó fi ọwọ́ kan di tẹ̀sùbáà mú. Ẹlòmíì gbé Òyìnbó tó dé akoto, ẹlòmíì gbé ọlọ́kadà. Gbogbo àlejò tó bá wọ ìlú wá ni gbẹ́nàgbẹ́nà wa ń gbẹ́ sórí igi, orí ara wa la sì fi ń gbé e jó. Ìró àti ọ̀já tí oníjó wọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ èyí tí ó yá lọ́wọ́ àwọn obìnrin ìlú. Bóyá ẹ̀yin gan-an ti yá wọn ní tiyín rí, Ìyá. Ẹ kò bi wọ́n pé ṣé ijó ni wọ́n fẹ́ lọ jó.

Lọ́dún 2001, UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ ọlọ́lá tí aráyé jogún, Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò ló sì jọ gbé e wá síwájú wọn. Àwọn àgbà wa ti sọ tiwọn tipẹ́: ojú tó bá rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dópin ìran. Ti ojú nìyẹn. Ẹ̀fẹ̀ ni ti etí, òru ni wọ́n sì kọ́kọ́ ń ṣe kí ọ̀sán tó dé. Ẹni tó bá rí ijó ọ̀sán láìgbọ́ orin òru, ìdajì ló rí.

Ohun tí ọmọ yín ń bá lọ nínú ọgbà yẹn kò ṣàjèjì, Ìyá. Orúkọ ló yàtọ̀.

Ẹ wo ọgbà náà fúnra rẹ̀. Lọ́dún 1970 ni wọ́n dá a sílẹ̀, Yunifásítì Dahomey ló ń jẹ́ nígbà náà. Lẹ́yìn ìyẹn ó di yunifásítì orílẹ̀-èdè. Ọdún 2001 ló gba orúkọ Abomey-Calavi, lẹ́yìn tí wọ́n ti dá ti Parakou sílẹ̀. Àwọn ọmọ gbogbo ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ló ń bára wọn pàdé níbẹ̀. Ọmọ tó jẹ́ pé èdè Nàgó nìkan ló gbọ́ títí ó fi pé ọmọ ogún ọdún, yóò bá ọmọ Nikki tàbí ọmọ Natitingou láti àríwá sùn nínú yàrá kan. Bí wọn kò bá mọ nǹkan kan nípa ara wọn, ẹ̀gàn ni yóò kún àárín wọn.

Àwa náà kò mọ́ nínú ẹ̀gàn yìí. Ìlú wa ni mo ń sọ. Pobẹ̀ tí àwọn àgbà ń pè ní Ìpobẹ̀, Sàkété tí wọ́n ń pè ní Ìtàkété, a ní ojúrere fún àlejò lóòótọ́, àmọ́ ẹ rántí bí a ti ń sọ̀rọ̀ àwọn ará Ọ̀họ̀rí, àwọn tí ilẹ̀ dúdú ń gbá mọ́lẹ̀ ní Ìsàbà àti Towé, tí òjò bá rọ̀ tí ẹsẹ̀ kì í yọ nínú ẹrẹ̀. A ń fi ìsọ̀rọ̀ wọn ṣẹ̀rín, a ń fi ilà ara wọn ṣe àpèjúwe ará oko. Bẹ́ẹ̀, àwọn Ọ̀họ̀rí wọ̀nyí ló dìde sí Faransé lákòókò ogun àgbáyé kìíní, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ti tẹríba. Ọmọ Ìsàbà tó bá dé Calavi tó sì dìde lọ́jọ́ àṣà, tó sọ ìtàn yìí pẹ̀lú ẹnu ara rẹ̀, kì í ṣe ijó lásán ló ń jó. Ó ń gba orúkọ bàbá rẹ̀ padà ni, àwa ará Pobẹ̀ sì wà lára àwọn tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ṣeé ṣe kí ẹ rò pé ọ̀dọ̀ Òyìnbó ni irú ìpàdé yìí ti wá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọmọ Yorùbá kan fún yín. Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, ń kọ́ ìmọ̀ òfin ní Lọ́ńdọ̀nù. Lọ́dún 1924, wọ́n ṣe àfihàn ńlá kan ní Wembley láti fi gbogbo ilẹ̀ tí ọba Gẹ̀ẹ́sì ń jọba lé lórí hàn, ìwé ìròyìn ibẹ̀ sì kọ̀wé ẹ̀gàn nípa àwọn ará Nàìjíríà. Ṣólàńkẹ́ kò dákẹ́. Ó kọ̀wé fèsì, ó bá Amy Ashwood Garvey, obìnrin Jàmáíkà kan, dá ẹgbẹ́ ọmọ Nàìjíríà sílẹ̀ lọ́dún náà gan-an. Orúkọ tó fi dá obìnrin náà lọ́lá ni Ìyálóde. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ ọdún 1925, òun àti Dókítà Bankole-Bright ti Sẹ̀ràlíóònù pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn dá ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀. WASU ni ìgékúrú orúkọ ẹgbẹ́ náà lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ pè é sókè, ẹ ó gbọ́ ọ: wàásù. Wọ́n mọ̀ ọ́n, wọ́n sì fi sọ ìwé ìròyìn wọn.

Nígbà yẹn, akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú lè rìn láti ilé dé ilé ní Lọ́ńdọ̀nù kí onílé máa ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn lójú. WASU gba ilé tiwọn, wọ́n ṣí i lọ́dún 1933 ní Camden Road. Ọmọ Gold Coast (Gánà òde òní), ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Sẹ̀ràlíóònù àti ọmọ Gáḿbíà jọ ń gbé ibẹ̀, wọ́n ń jó, wọ́n ń ṣàlejò. Nínú ilé kan náà ni wọ́n ti ń kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ àti ìwé ẹ̀sùn sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lórí bí wọ́n ti ń ṣàkóso ilẹ̀ wa. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé kí wọ́n mú ọ̀kan kí wọ́n fi ìkejì sílẹ̀. Òru Ẹ̀fẹ̀ àti ọ̀sán Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wà pọ̀ níbẹ̀.

Àwọn Amẹ́ríkà náà mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ tiwọn. Láti oṣù kọkànlá ọdún 1968, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dúdú ní San Francisco State, àti àwọn tí òbí wọn wá láti Mẹ́síkò, láti Ṣáínà àti láti Filipíìnì, pẹ̀lú àwọn onílẹ̀ gan-an, kọ̀ láti wọ kíláàsì fún bí oṣù márùn-ún. Wọ́n ní ìtàn àwọn kò sí nínú ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn. Lọ́dún 1969 wọ́n dá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún wọn, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà.

Kí la wá ń wá lọ sí San Francisco? Ẹ̀yin náà rántí ọdún 1989. Owó ìrànwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò jáde fún ọ̀pọ̀ oṣù, àwọn olùkọ́ kò gbowó, àwọn ọmọ sì kọ́kọ́ dìde ní oṣù kìíní ọdún náà kí àwọn òṣìṣẹ́ tó tẹ̀lé wọn. Nígbà tí ọdún yóò fi parí, Ààrẹ Kérékou ti pa ètò Marx tì. Ní oṣù kejì ọdún 1990, gbogbo orílẹ̀-èdè jókòó ní Kùtọ́nù, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Isidore de Souza ló ṣe alága, wọ́n sọ òótọ́ síra wọn lójú láìta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Mo ti gbọ́ oríṣiríṣi àlàyé nípa ìpàdé náà. Lójú tèmi, ọmọ ilẹ̀ tó mọ Ẹ̀fẹ̀ kò yẹ kó yà á lẹ́nu pé ó ṣeé ṣe.

Ẹ̀tọ́ obìnrin tí ọmọ yín dárúkọ, Ìyá, ẹ má fojú kékeré wò ó. Ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ní òfin kan láti ọjọ́ 5 oṣù kẹsàn-án ọdún 2006 tó ń fìyà jẹ ẹni tó bá ń fi ìbálòpọ̀ dààmú ẹlòmíì, ó sì ń dáàbò bo ẹni tí wọ́n dààmú. Ọmọbìnrin mélòó ló mọ̀ ọ́n? Lọ́dún 2019, Kiki Mordi fi fíìmù kan tó ṣe fún BBC tú àṣírí àwọn olùkọ́ yunifásítì kan ní Nàìjíríà àti Gánà tó ń bá akẹ́kọ̀ọ́bìnrin dúnàádúrà máàkì. Ìjókòó alẹ́ kan lórí ọ̀rọ̀ yìí, níbi tí àwọn ọmọbìnrin ti lè gbọ́ pé òfin wà, tí wọ́n sì lè gbọ́ ẹni tí wọ́n lè lọ bá, ó lè gba ọmọ yín lọ́wọ́ ohun tí ẹ̀yin tó wà ní Pobẹ̀ kò ní í rí.

Ohun tó ń dùn mí kò ju ẹyọ kan lọ. Mo ti lọ síbi ọjọ́ àṣà tó jẹ́ pé ọ̀sán nìkan ni wọ́n ṣe. Aṣọ pọ̀, ìlù dún, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá tó jókòó níwájú, kálukú sì lọ sílé. Kò sẹ́ni tó bi ara wọn pé kí ló dé tí ọmọ àgbẹ̀ kò rí yàrá gbà nínú ọgbà. Àwọn tó ń ṣètò máa ń bẹ̀rù, n kò sì dá wọn lẹ́bi tán: ní oṣù kẹwàá ọdún 2016 ìjọba fòfin de iṣẹ́ àwọn ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní àwọn yunifásítì ìjọba. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2017 ilé-ẹjọ́ tó ń ṣọ́ òfin ìpìlẹ̀ sọ pé ìfòfindè náà lòdì sí òfin. Àyè wà. Ẹnu tó dákẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, òun ló pa ara rẹ̀ dé.

Àwa ará ilé náà ní iṣẹ́ tiwa. Ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ ti wà ní Pobẹ̀ láti 1922. Ìwé ti ń gbé lọ́dọ̀ wa ó ti ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Ní Sàkété, Yunifásítì Orílẹ̀-èdè fún Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ àwọn ọmọ bí a ti ń tọ́jú irè oko tí a sì ń sọ ọ́ di ohun títà. Àwọn ọmọ yẹn ń kọ́ nípa gàrí nínú ìwé, àwọn tó ń yan gàrí wà nítòsí wọn. Bí wọ́n bá ń ṣe ọjọ́ àṣà, ẹ jẹ́ kí wọ́n pe àwọn ìyá onígàrí wá jókòó níwájú, kí wọ́n sọ iye tí wọ́n ń ra ẹ̀gẹ́, iye tí wọ́n ń ta gàrí, ẹni tó sì ń jẹ èrè tó wà láàárín méjèèjì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pe ẹni tó mọ Ẹ̀fẹ̀ kó wá kọ́ wọn bí a ti ń júbà ká tó bá èèyàn wí, nítorí ìbáwí láìsí ìbà, èébú ló ń dà.

Ìyá, ẹ bá mi ká aṣọ òfì yẹn dáadáa, kí ẹ fi í rán awakọ̀ tó ń lọ sí Kùtọ́nù. Ẹ fi ìlẹ̀kẹ̀ náà sí i. Bí ọmọ bá wá pè yín láti dúpẹ́, ẹ bi í léèrè ohun kan ṣoṣo fún mi: nígbà tí ijó bá parí, ta ni yóò kọ Ẹ̀fẹ̀?