Ṣé fíìmù tuntun ni ká wò lálẹ́ yìí, àbí ká tún Ṣaworoidẹ wò?

Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, èmi àti ìyá mi jókòó síwájú amóhùnmáwòrán ní yàrá ìgbàlejò mi ní Èkó. Ìbàdàn ni wọ́n ti wá kí wa. Fíìmù 41 ni mo ti kọ sórí fóònù mi pé màá wò, n kò sì tíì fọwọ́ kan ìkankan nínú wọn.

Mo ń yí àkọsílẹ̀ náà sókè sódò. Ogún ìṣẹ́jú kọjá. Iná wà, dátà wà, ṣùgbọ́n n kò mọ èyí tí n bá mú.

Màámi wò mí títí, wọ́n ní: "Àkànkẹ́, fi Ṣaworoidẹ sí i fún wa jàre."

Mo ní: "Háà, Màámi! Ẹ ti wo ìyẹn tó ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Ẹ mọ ẹni tó máa kú, ẹ mọ ẹni tó máa jọba."

Wọ́n ní: "Iyán tí o jẹ lọ́sàn-án ńkọ́? Ṣé o ò jẹ ẹ́ rí ni?"

N kò rí èsì fọ̀. Bí a ṣe wo Ṣaworoidẹ lálẹ́ ọjọ́ náà nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Iṣẹ́ ìròyìn ni mò ń ṣe. Tí mo bá dé láti ibi iṣẹ́, bóyá ni wákàtí méjì máa ń kù fún mi kí oorun tó gbé mi lọ. Tí mo bá fi wákàtí méjì náà wo ohun tí mo ti mọ̀, tuntun kan ti bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ nìyẹn. Tí mo bá sì ń lé tuntun kiri lójoojúmọ́, ìgbà wo ni mo fẹ́ padà sí àwọn fíìmù tí mo bá dàgbà?

Kí ló dé tí a fi ń padà sí ìtàn tí a ti mọ òpin rẹ̀?

Màámi nìkan kọ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa la ní fíìmù kan tí a lè sọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kí òṣèré tó lanu. Fún àwọn kan, Ti Olúwa Nilẹ̀ tí Túndé Kèlání gbé jáde ní 1993 ni. Fún àwọn mìíràn, Ó Le Kú ti ọdún 1997 ni. Àwọn ọ̀rẹ́ wa tó ń sọ èdè Igbo kò lè gbàgbé Living in Bondage ti ọdún 1992.

Àwọn onímọ̀ ti wádìí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 2011, Jonathan Leavitt àti Nicholas Christenfeld ti Fásitì California ní San Diego fún àwọn èèyàn ní ìtàn kúkúrú 12 kà. Wọ́n sọ òpin ìtàn fún àwọn kan kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, wọn kò sọ ọ́ fún àwọn yòókù. Lápapọ̀, àwọn tó ti mọ òpin ìtàn ló gbádùn rẹ̀ jù. Ó jọ pé nígbà tí èèyàn kò bá máa dààmú pé kí ló kù tó fẹ́ ṣẹlẹ̀, ọkàn rẹ̀ máa ń balẹ̀ láti rí bí ìtàn ṣe ń lọ.

Ní ọdún 2012, Cristel Russell àti Sidney Levy gbé ìwádìí tiwọn jáde lórí àwọn tó máa ń tún ìwé kà, tí wọ́n máa ń tún fíìmù wò, tàbí tí wọ́n máa ń padà lọ sí ibi tí wọ́n ti lọ rí. Ohun tí wọ́n rí ni pé kì í ṣe nítorí pé ayé àtijọ́ ń wu èèyàn nìkan. Ọ̀pọ̀ ló ń fi ohun àtijọ́ náà wo ara wọn, kí wọ́n lè mọ bí àwọn fúnra wọn ṣe yí padà.

Ed O'Brien ti Fásitì Chicago náà sọ ní 2019 pé àwọn èèyàn máa ń rò pé ẹ̀ẹ̀kejì máa sú àwọn ju bó ṣe máa ń sú wọn gan-an lọ. Ìdí ni pé ojú kì í rí ohun gbogbo tán lẹ́ẹ̀kan.

Ohun tí ojú ọmọ ọdún mẹ́wàá kò rí

Mo gbà wọ́n gbọ́, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì náà nìyẹn.

Ṣaworoidẹ jáde ní 1999, ọdún tí ìjọba ológun gbé àṣẹ lé àwọn alágbádá lọ́wọ́ ní Nàìjíríà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ ìtàn rẹ̀, Túndé Kèlání ló darí rẹ̀. Ìtàn ìlú kan tó ń jẹ́ Jogbo ni. Lápité fẹ́ jọba, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí wọ́n sín gbẹ́rẹ́ tó máa so òun mọ́ májẹ̀mú ìlú, torí ó fẹ́ rí àyè jẹ dúkìá ìlú. Adé wà, ìlù wà, ohun tí ìlù náà lè fi adé ṣe sì wà.

Nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà tí mo kọ́kọ́ wò ó. Ìlù yẹn ló bà mí lẹ́rù. Fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, tí mo bá ti gbọ́ ìlù níbi ìnáwó, màá dì mọ́ ẹ̀wù bàbá mi.

Lọ́tẹ̀ yìí, ìlù náà kò bà mí lẹ́rù mọ́. Àwọn agégẹdú tó ń wọ inú igbó Jogbo lọ ló bà mí lẹ́rù. Mo ń wo bí owó ṣe ń tọwọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì, bí àwọn ìjòyè ṣe mọ̀ tí wọ́n sì dákẹ́. Mo ti gbé irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ sáfẹ́fẹ́ rí. Ojú kan náà ni mo fi wo fíìmù náà ní kékeré àti ní báyìí, ṣùgbọ́n ẹni tó ń wò ó ti yàtọ̀.

Màámi ní tiwọn kò wo owó rárá. Ẹnu alàgbà Adébáyọ̀ Fálétí ni wọ́n ń wò. Tí bàbá náà bá ti pa òwe kan, Màámi á mi orí, wọ́n á ní: "Kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ báyìí mọ́."

Tí gbogbo wa bá jókòó ti àtijọ́, ta ni yóò wo tuntun?

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ èmi àti Màámi ti yà. Ká ní gbogbo èèyàn ṣe bíi tiwọn ní 1999, ká ní wọ́n ní àwọn ti ní fíìmù tó tó àwọn, kò sẹ́ni tí yóò mọ Ṣaworoidẹ lónìí.

Fíìmù tuntun kì í ní sùúrù bíi ti àtijọ́. Tó bá wọ gbọ̀ngàn sinimá, iye èèyàn tó bá wò ó ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́ ló máa ń sọ bóyá wọ́n máa fi í sílẹ̀ níbẹ̀ tàbí wọ́n máa fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó ní òun máa wò ó tó bá yá lè débẹ̀ kó má bá a mọ́.

Tí àwọn èèyàn bá sì jáde wò ó, a máa ń rí èso rẹ̀. A Tribe Called Judah tí Fúnkẹ́ Akíndélé gbé jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2023 ni fíìmù Nollywood àkọ́kọ́ tó pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ ní sinimá. Àwọn tó fi àsìkò ọdún Kérésì to orí ìlà ló jẹ́ kó ṣeé ṣe.

Ohun mìíràn tún wà. Ẹni tó bá ń wo àtijọ́ nìkan lè máa rò pé kò sí ohun tó dára mọ́ láyé. Kì í ṣe òótọ́. Kò kàn tíì wò ó ni.

Ẹ jẹ́ kí tuntun mú yín padà sí àtijọ́

Ohun tí mo wá rí ni pé kò pọn dandan kí àwọn méjèèjì máa bára wọn jà. Fíìmù kan lè jẹ́ ọ̀nà lọ sí òmíràn.

Ẹ wo Kúnlé Afọ́láyan. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ mọ̀ ọ́n sí olùdarí Aníkúlápó, tó jáde lórí Netflix ní 2022. Ṣùgbọ́n ó wà lára àwọn òṣèré inú Ṣaworoidẹ. Bàbá rẹ̀, Adéyẹmí Afọ́láyan tí a mọ̀ sí Adé Love, ló gbé Ìjà Òmìnira jáde ní ìparí àwọn ọdún 1970. Inú ìwé Ọmọ Olókùn Ẹṣin ni wọ́n ti mú ìtàn yẹn, Adébáyọ̀ Fálétí ló sì kọ ìwé náà, bàbá kan náà tí Màámi ń wo ẹnu rẹ̀. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti orí Aníkúlápó lè máa tẹ̀ lé okùn náà lọ sẹ́yìn títí tó fi máa dé ìdí rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Everybody Loves Jenifa tó jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2024. Ẹ lè gbádùn rẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìmọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá tún padà wo Jenifa àgbéléwò ti ọdún 2008, ẹ máa rí ibi tí ọmọbìnrin yẹn ti bẹ̀rẹ̀.

Kì í sì ṣe ti Nàìjíríà nìkan. Ní Senegal, Djibril Diop Mambéty ṣe Touki Bouki ní 1973, ìtàn ọkùnrin kan àti obìnrin kan ní Dakar tí wọ́n fẹ́ lọ sí Paris lọ́nàkọnà. Ní 2013, Mati Diop, ọmọ àbúrò rẹ̀, wá ṣe fíìmù Mille Soleils nípa Magaye Niang, ọkùnrin tó ṣe ẹ̀dá ìtàn náà ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn. Mati Diop yìí kan náà ló ṣe Dahomey, lórí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé 26 tí ilẹ̀ Faransé dá padà fún Benin ní 2021. Òun ló gba ẹ̀bùn tó ga jù níbi àjọ̀dún fíìmù Berlin ní 2024. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Cotonou, Porto-Novo tàbí Kétu, ọ̀rọ̀ yín ni.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Fíìmù tuntun lè ní owó àti ẹ̀rọ ju ti àtijọ́ lọ. Àkísà tó wà lọ́wọ́ àgbà náà ló ṣì ń gé aṣọ rẹ̀ lára.

Kásẹ́ẹ̀tì bàbá mi

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé àtijọ́ máa dúró dè yín títí láé. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀.

Bàbá mi ní páálí kan tó kún fún kásẹ́ẹ̀tì fídíò. Tí eré tó dára bá wà lórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á gbà á sílẹ̀, wọ́n á fi bírò aláwọ̀ búlúù kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára. Nígbà tí wọ́n kú, mo wá ẹ̀rọ tó lè lo kásẹ́ẹ̀tì kiri fún oṣù méjì gbáko. Nígbà tí mo rí i, èébu ti bo téèpù náà. Ohùn kùù-kùù la gbọ́, kò sí àwòrán. Ìwé ọwọ́ bàbá mi lára páálí nìkan ló kù.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí páálí kan nílé wa ń ṣẹlẹ̀ sí fíìmù orílẹ̀-èdè. Ọ̀pọ̀ rò pé Shaihu Umar, fíìmù èdè Hausa tí Adamu Halilu ṣe ní 1976, ti sọ nù. Inú ibi ìpamọ́ fíìmù ìjọba ní Jos ni wọ́n ti padà rí i. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì fi í hàn ní Berlin ní 2018. Oríire ni. Kì í ṣe gbogbo fíìmù ló ń rí irú oríire bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà tí à ń gbà wò ó náà ṣe pàtàkì. Mósè Ọláìyá, Bàbá Sàlá tó ń pa gbogbo wa lẹ́rìn-ín, ná owó ńlá sórí Ọ̀run Móoru ní 1982. Àwọn tó ń ṣe àdàkọ láìgbàṣẹ gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́, gbèsè sì wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Tí ẹ bá fẹ́ tún àtijọ́ wò, tí ẹni tó ni ín sì ti gbé e sí ojú òpó tirẹ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ ti wò ó.

Bí a ṣe ń ṣe é nílé wa báyìí

Mo ti pa fíìmù 41 yẹn rẹ́. Márùn-ún ló wà níbẹ̀ báyìí, n kì í sì fi ẹ̀kẹfà kún un àfi tí ọ̀kan bá kúrò.

Tí a bá ti wo tuntun méjì, àtijọ́ kan ló kàn. Ìdajì wákàtí la máa ń fún tuntun. Tí kò bá mú wa, a kì í fìyà jẹ ara wa. Ní ọjọ́ tí iṣẹ́ bá ti lù mí bolẹ̀, mo mọ̀ pé àtijọ́ ni. Kò yẹ kí èèyàn fi ojú oorun wo iṣẹ́ tí ẹnì kan fi ọdún mẹ́ta ṣe.

Mo tún ń béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà nípa fíìmù tí wọ́n fẹ́ kí a jọ wò kí wọ́n tó lọ. N kò béèrè lọ́wọ́ bàbá mi.

Kí Màámi tó padà sí Ìbàdàn, mo mú wọn lọ sí sinimá. My Father's Shadow la wò, fíìmù Akinola Davies Jr. tó jẹ́ ti Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó wọ ìdíje tí àjọ̀dún Cannes fúnra rẹ̀ ṣàyàn, ní 2025. Bàbá kan àti àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjì ló lo ọjọ́ kan ní Èkó ní 1993, lásìkò wàhálà ìbò June 12.

Wọ́n ti ń ráhùn láti ilé pé àwọn kò mọ ẹnì kankan nínú rẹ̀. Nígbà tí iná tàn, wọn kò tètè dìde. Nínú ọkọ̀, wọ́n dákẹ́ títí a fi gun afárá.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní: "Bàbá yín ì bá fẹ́ràn eléyìí."

Mo ní: "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó ṣe díẹ̀, wọ́n tún ní: "Àkànkẹ́, ìgbà wo la máa tún un wò?"