Ohun Tí Bátìrì Fóònù Ń Fi Pamọ́

Nígbà tí àwa wà ní ilé ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́, bátìrì tọ́ọ̀ṣì kì í tan ẹnikẹ́ni jẹ: bí ó bá ti ń kú, iná rẹ̀ a pọ́n. Ti fóònù kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ òbí ní Ìlọrin ni ó sì ń ra fóònù tòkunbọ̀ fún ọmọ tí ń lọ sí Yunifásítì, tí ó jẹ́ pé ojú fóònù àti kámẹ́rà nìkan ni wọ́n ń yẹ̀ wò.

Ẹ jẹ́ kí a fi kóńgò gàrí ṣe àlàyé. Bí ọlọ́jà bá ti ìdí kóńgò rẹ̀ wọ inú, yóò ṣì kún dé ẹnu, ṣùgbọ́n gàrí inú rẹ̀ ti dín. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni 100 tí fóònù ń kọ sójú nígbà tí ó bá gba iná tán: ó ń sọ pé bátìrì kún, kò sọ bí àyè inú rẹ̀ ti kù sí. (Òṣùwọ̀n èké kò mọ sí ọjà gàrí nìkan.) Ìlò lemọ́lemọ́ àti ooru ni ó ń ti ìdí kóńgò yìí wọlé, ooru ilẹ̀ wa kì í sì í ṣe kékeré.

Ní oṣù Kejìlá 2017 ni Apple gbà pé òun ń dín eré àwọn fóònù kan tí bátìrì wọn ti gbó kù, kí wọ́n má baà máa kú lójijì. A kò sọ fún àwọn tí ó ni wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni bátìrì tuntun nìkan ìbá tó fún ẹni tí ó lọ ra fóònù tuntun. Ní 2018 ni iPhone bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìlera bátìrì hàn. Ní 2020, ilẹ̀ Faransé bu ìtanràn mílíọ̀nù 25 owó Yúrò lé ilé-iṣẹ́ náà. Láti oṣù Kẹfà 2025, òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ní kí bátìrì fóònù tuntun ṣì ní ó kéré tán 80 nínú 100 agbára rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà 800 tí ó ti gba iná ní kíkún, kí oníbàárà sì lè rí ọjọ́ tí a ṣe bátìrì náà àti iye ìgbà tí ó ti gba iná.

Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti 2018 ní Nàìjíríà náà pàṣẹ pé kí ẹni tí ń ta ọjà tí a tún ṣe kọ ọ́ sí i lára gbangba. A kì í sábà rí irú àkọlé bẹ́ẹ̀ lórí tábìlì àwọn tí ń ta fóònù. Àwọn kan tilẹ̀ mọ bí a ti ń fi ẹ̀rọ yí iye ìlera bátìrì padà. Nítorí náà, kí a wo iye ìgbà tí ó ti gba iná pẹ̀lú, èyí tí iPhone 15 àti àwọn tí ó tẹ̀ lé e ń fi hàn. Kí a lo fóònù náà fún wákàtí kan kí a tó sanwó. Bí ìlera rẹ̀ bá ti wà lábẹ́ 80, kí a yọ owó bátìrì tuntun kúrò nínú iye tí ọlọ́jà pè é.