Ìròyìn Ojú Ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀: Ìgbà Wo Ló Yẹ Ká Gba Oníbúlọ́ọ̀gù Gbọ́?

Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ti ibodè Sẹ̀mẹ̀, tó wà láàárín Nàìjíríà àti orílẹ̀-èdè Benin, pa ní ogúnjọ́ oṣù Kẹjọ ọdún 2019, àlàyé ìjọba ló gba ojú ewé ìwé ìròyìn: ìrẹsì fàyàwọ́ ti pọ̀ jù, ohun ìjà ń gba ibẹ̀ wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ìtìpa náà fi ojú ìyálọ́jà, awakọ̀ àti ọlọ́kadà rí láti Àgbádárìgì títí dé Gbájì, fóònù ló ní láti yẹ̀ wò. Orí WhatsApp, Facebook àti búlọ́ọ̀gù àwọn ọmọ ìlú ni ọ̀rọ̀ tiwọn wà. Ó lé ní ọdún kan kí wọ́n tó ṣí ibodè náà padà, ní oṣù Kejìlá ọdún 2020.

Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ kò fara sin. Àwọn ìwé ìròyìn ńláńlá jìnnà sí Àgbádárìgì: Guardian wà ní Ìsọlọ̀, Vanguard wà ní Àpápá, Punch ti kó lọ sí Mágbọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà Ìbàdàn. Ọ̀pọ̀ ìròyìn Àgbádárìgì tí wọ́n ń gbé jáde, akọ̀ròyìn NAN, iléeṣẹ́ ìròyìn ìjọba àpapọ̀, ló kọ ọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àtẹ̀jáde Kọ́sítọ́ọ̀mù Sẹ̀mẹ̀ ni: àpò ìrẹsì báyìí, mọ́tò báyìí, owó orí báyìí. Ó lè jẹ́ òótọ́ látòkè délẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó gba ẹrù náà ló ń ròyìn bí òun ṣe gbà á. A kì í sábà gbọ́ tẹnu ẹni tí wọ́n gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀. Àyè yìí ni oníròyìn aráàlú wá dí: ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ ìròyìn, tí iléeṣẹ́ kankan kò gbà síṣẹ́, ṣùgbọ́n tí nǹkan ṣojú rẹ̀. A nílò wọn gan-an. Nítorí pé a nílò wọn ni mo ṣe fẹ́ ká mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wọn ti lágbára àti ibi tó ti máa ń fọ́.

Àwọn kan máa ń sọ pé ẹni tí kò bá kọ́ṣẹ́ kò gbọdọ̀ ṣe é. Àgbádárìgì kọ́ ló yẹ kó gba ọ̀rọ̀ yẹn wọlé. Henry Townsend, òjíṣẹ́ ìjọ CMS tó wà lára àwọn tó kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà sí Márínà ìlú náà, èyí tí wọ́n parí ní 1845, kì í ṣe akọ̀ròyìn. Tíṣà ló ń ṣe tẹ́lẹ̀ ní Sàró. Òun náà ló kọjá sí Abẹ́òkúta ní 1846, tó sì bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá ní ọjọ́ kẹta oṣù Kejìlá ọdún 1859, tí wọ́n ń tà ní ọgọ́fà owó ẹyọ. Gbogbo ìlú mọ ẹni tó ń kọ ọ́, wọ́n sì mọ ilé rẹ̀. Ẹni tí inú bá bí sí ohun tó kà lè lọ kan ilẹ̀kùn. Wọ́n mọ ẹni tó ń gbè lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú: nígbà tí aáwọ̀ bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ẹ̀gbá àti ìjọba Èkó, ti Ẹ̀gbá ló ń ṣe. Ẹni tó bá ti mọ èyí á mọ bí òun yóò ṣe ka ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni pé a tẹ nǹkan sínú ìwé kò sọ ọ́ di òdodo. Ní 1928, Lagos Daily News ti Herbert Macaulay gbé àhesọ jáde pé àwọn kan ń pète láti pa Eshugbayi, Ẹlẹ́kọ ìlú Èkó. Ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ni Macaulay fi jura. Àhesọ kò dúró de fóònù kó tó bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò.

Ìṣẹ̀lẹ̀ Lẹ́kì ní Èkó, níbi tí àwọn ọmọ ogun ti yìnbọn níbi ìwọ́de EndSARS ní ogúnjọ́ oṣù Kẹwàá ọdún 2020, fi ẹ̀gbẹ́ méjèèjì oníròyìn aráàlú hàn wá. Olórin DJ Switch wà láàárín àwọn ọ̀dọ́ tó ń fẹ̀hónú hàn, ó sì gbé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sórí Instagram ní ojú ẹsẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, Iléeṣẹ́ Ológun lu òǹtẹ̀ “irọ́” mọ́ àwọn ìròyìn nípa rẹ̀ lórí Twitter. Nígbà tó yá, àwọn ológun gbà níwájú ìgbìmọ̀ ìwádìí tí ìjọba Èkó gbé kalẹ̀ pé àwọn ọmọ ogun dé ibẹ̀, pé wọ́n sì gbé ọta ìbọn gidi dání. Ká ní kò sí fídíò àwọn tó wà níbẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ìbá ti tán síbi òǹtẹ̀ yẹn. Síbẹ̀, ní alẹ́ kan náà ni òkìkí kàn pé ìbọn ti bà gbajúmọ̀ òṣèrébìnrin kan. Òun fúnra rẹ̀ ló jáde sọ pé kò sí ohun tó ṣe òun. Àwọn tó pín fídíò òtítọ́ ni wọ́n jọ pín irọ́ yẹn, ọ̀pọ̀ wọn pẹ̀lú omijé lójú.

Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ojú kan lè jẹ́rìí ohun tó wà níwájú rẹ̀. Ta ló pàṣẹ, èèyàn mélòó ló kú, kí ló fà á: ìyẹn kọjá agbára ojú kan. Ó gba ìgbìmọ̀ Èkó ní nǹkan bí ọdún kan gbáko kó tó gbé àbọ̀ rẹ̀ kalẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ìjọba Èkó sì tún kọ ohun tó sọ nípa iye àwọn tó kú. Oníbúlọ́ọ̀gù tó bá sọ iye òkú láàárín wákàtí kan, ó ti kúrò níbi ohun tó rí.

Lókè òkun náà, bákan náà ni. Ní 2004, CBS gbé ìwé kan jáde nípa iṣẹ́ ológun tí George W. Bush ṣe nígbà èwe rẹ̀. Àwọn oníbúlọ́ọ̀gù ló tọ́ka sí i pé lẹ́tà inú rẹ̀ jọ ti kọ̀ǹpútà ìgbà yìí ju ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ìgbà náà lọ. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí CBS fi sọ pé òun kò lè dúró ti ìwé náà mọ́. Ṣùgbọ́n ní 2011, gbogbo ayé ń ka búlọ́ọ̀gù A Gay Girl in Damascus, tí wọ́n ní ọmọbìnrin kan ń kọ láti Síríà lákòókò rògbòdìyàn. Kò sí ọmọbìnrin kankan. Tom MacMaster, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń kàwé ní Edinburgh, ló ń kọ ọ́, fọ́tò obìnrin mìíràn ló sì fi síbẹ̀. Ìwé ìròyìn ńláńlá ti gbé e kó tó já.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa bá a. Òótọ́ bá irọ́ omi iyọ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 2014, nígbà Ebola, láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé ó kéré tán èèyàn méjì ní Nàìjíríà ti mu omi iyọ̀ kú, nítorí àhesọ pé ó ń dènà àrùn náà. Fún àwọn méjì yẹn, òótọ́ pẹ́ jù.

Ohun tó ń mú irọ́ yára bẹ́ẹ̀, owó wà nínú rẹ̀. Iye èèyàn tó bá ṣí ojú ewé ni olùpolówó fi ń san owó, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ gbé e jáde ló ń rí èrò. Nítorí náà, búlọ́ọ̀gù kan á kọ ọ́, mẹ́sàn-án á dà á kọ, òǹkàwé á wá sọ pé, “Ibi gbogbo ni mo ti rí i.” Ẹnu kan ṣoṣo ni. Ká wá ibi tó ti kọ́kọ́ jáde, ká béèrè bóyá ẹni yẹn wà níbẹ̀.

Ní ti fídíò, ọ̀nà wà. Ní 2018, fídíò kan jáde tó fi àwọn ọmọ ogun hàn níbi tí wọ́n ti ń yìnbọn pa obìnrin méjì àti ọmọ kéékèèké méjì. Ìjọba Kamẹrúùnù ní irọ́ ni. BBC Africa Eye àti àwọn olùwádìí mìíràn mú ìlà òkè tó wà lẹ́yìn wọn, wọ́n fi wé àwòrán sátẹ́láìtì, wọ́n rí i pé ẹ̀bá Zelevet ni, ní apá àríwá Kamẹrúùnù. Wọ́n fi òjìji àti àwọn ilé tó wà níbẹ̀ mọ̀ pé láàárín oṣù Kẹta sí oṣù Kẹrin ọdún 2015 ni. Ní 2020, ilé ẹjọ́ ológun sọ ọmọ ogun mẹ́rin sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá.

Àgbádárìgì kò ní òkè. Iyanrìn, ọ̀sà àti igi àgbọn ni, bó sì ṣe rí nìyẹn títí dé Kútọnu àti Lómé. Ó rọrùn kí ẹnìkan gbé àkúnya omi orílẹ̀-èdè Benin wá kó pè é ní tiwa. Èdè nìkan kò tó láti fi mọ̀, torí Ògù tí wọ́n ń sọ ní Àgbádárìgì ni wọ́n ń sọ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní Benin. Ohun kéékèèké ni kí ẹ wò. Ṣé èdè Faransé ni wọ́n kọ sára pátákó? Ṣé ọlọ́kadà wọ ṣẹ́ẹ̀tì ìyeyè tó ní nọ́ńbà, bíi ti Kútọnu? Nọ́ńbà fóònù tó wà lára ṣọ́ọ̀bù ńkọ́: 07, 08 tàbí 09 ni ti Nàìjíríà fi ń bẹ̀rẹ̀, 01 sì ni ti Benin láti ìparí ọdún 2024. Kí ẹ sì wá fídíò náà dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ká a, nítorí WhatsApp máa ń yọ àkọsílẹ̀ ọjọ́ àti ibi kúrò lára rẹ̀. Nínú fóònù ẹni tó ká a ni àkọsílẹ̀ yẹn ṣì wà.

Ìjọba ní ọ̀nà tirẹ̀. Abala 24 nínú òfin ìwà ọ̀daràn orí ayélujára ti ọdún 2015 ni wọ́n ti fi mú akọ̀ròyìn àti oníbúlọ́ọ̀gù. Ní oṣù Kẹta ọdún 2022, Ilé Ẹjọ́ ECOWAS ní abala náà tẹ ẹ̀tọ́ ọ̀rọ̀ sísọ lójú, Nàìjíríà sì tún un ṣe ní 2024. Bó ṣe wà báyìí, ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ gbé irọ́ jáde láti da ìlú rú tàbí láti fi ẹ̀mí èèyàn sínú ewu ni òfin ń bá wí, ìyà rẹ̀ sì lè tó ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta tàbí mílíọ̀nù méje náírà, tàbí méjèèjì pọ̀. Ọ̀rọ̀ “mímọ̀ọ́mọ̀” yẹn ni kí oníbúlọ́ọ̀gù ojú ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ dì mú. Tó bá tọ́jú fídíò bó ṣe kọ́kọ́ rí, tó kọ àkókò tó pe Kọ́sítọ́ọ̀mù tàbí ọlọ́pàá sílẹ̀ àti èsì tí wọ́n fún un, tó sì gbé àtúnṣe jáde lójú ewé kan náà nígbà tó bá ṣì í sọ, ó ti ní nǹkan tí agbẹjọ́rò rẹ̀ yóò gbé síwájú adájọ́.