Iná Búlúù, Iná Pupa: Kí Ni Ìdí Ìkòkò Dúdú Ń Sọ fún Wa?

Ṣé ẹ ti kíyè sí i pé ìkòkò tí wọ́n fi igi dáná sí lábẹ́ máa ń dúdú bí èédú, àmọ́ èyí tó wà lórí gáàsì kì í fi bẹ́ẹ̀ dúdú? Ooru kan náà la ń wá. Bí iná méjèèjì ṣe ń jó ló yàtọ̀.

Kábọ́ọ̀nù wà nínú igi, èédú, kẹrosíìnì, bẹntiróòlù àti gáàsì ìdáná. Tí iná bá mú wọn, kábọ́ọ̀nù yìí á so pọ̀ mọ́ ọ́ksíjìn inú afẹ́fẹ́, ooru á sì jáde. Òun la fi ń se ọbẹ̀. Ẹ wo propane, ọ̀kan lára ohun tó wà nínú gáàsì ìdáná, nígbà tí afẹ́fẹ́ bá tó o:

C₃H₈ + 5O₂ → 3CO₂ + 4H₂O

Carbon dioxide àti omi nìkan ló jáde. Iná búlúù nìyẹn.

Tí afẹ́fẹ́ ò bá wá tó ńkọ́? Àwọn kábọ́ọ̀nù kan ò ní rí ọ́ksíjìn rárá. Wọ́n á ṣù jọ di ẹyọ wẹ́wẹ́ dúdú. Òun ló ń mú kí iná pupa rúsúrúsú, òun náà ló ń lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò. Èyí tí kò lẹ̀ mọ́ ìkòkò, ẹ̀dọ̀fóró ẹni tó ń dáná ló ń wọ̀.

Àwọn kábọ́ọ̀nù mìíràn á rí ọ́ksíjìn kan ṣoṣo dípò méjì. Wọ́n á di carbon monoxide, ìyẹn CO. Èyí gan-an ló burú. Kò ní àwọ̀, kò rùn, kì í ta lójú. Tó bá dénú ẹ̀jẹ̀, ó ń lẹ̀ mọ́ haemoglobin ju ọ́ksíjìn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200. Orí á fọ́ni, òòyì á kọ́ni, oorun á gbéni lọ. Ìdí nìyẹn tí ìdílé kan fi lè tan jẹnẹrétọ̀ sí kọ́rídọ̀, kí wọ́n sùn, kí ilẹ̀ mọ́ kí ẹnikẹ́ni má jí. Èédú tó ń jó nínú yàrá náà lè ṣe bẹ́ẹ̀, bí kò tiẹ̀ rú èéfín kankan.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò ọ̀rọ̀ èéfín inú ilé: nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.2 èèyàn ló pa lọ́dún 2020.

Kí la wá lè ṣe? Gáàsì sàn ju igi lọ fíìfíì, torí ó ń dàpọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ kó tó jó. Tí iná rẹ̀ bá ṣàdédé pọ́n, ihò sítóòfù lè ti dí. Ẹ pa á, kó tutù, kẹ́ ẹ fọ̀ ọ́. Síbẹ̀, CO₂ rẹ̀ ṣì wà lára ohun tó ń mú ayé gbóná. Sólà ò jó nǹkan kan tó bá ń ṣiṣẹ́, kò sì rú èéfín, àmọ́ owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Tí agbára yín ò bá tíì ká a, ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ sí ìta gbangba, kó jìnnà sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn. Fèrèsé tẹ́ ẹ ṣí sílẹ̀ nìkan ò tó. Ẹ má gbé èédú tó ń jó wọ yàrá. Tí orí bá sì ń fọ́ gbogbo ará ilé lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ kọ́kọ́ sá jáde síta, kẹ́ ẹ tó máa wá ohun tó fà á.