Shenandoah Tàbí Smoky: Òru Ni Ká Fi Yan Òkè

Ọ̀pọ̀ ẹbí Yorùbá tó ń gbé Maryland ló ti gun òkè Shenandoah lójúmọmọ, tí wọ́n ya fọ́tò, tí wọ́n jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù tí wọ́n gbé sínú kúlà, tí wọ́n sì padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìgbà tí àwọn ọmọ bá ní inú àgọ́ làwọn fẹ́ sùn ni àríyànjiyàn máa ń bẹ̀rẹ̀. Ṣé Shenandoah tó wà nítòsí ní Virginia náà la tún ń lọ ni, àbí ká fi odindi ọjọ́ kan wa mọ́tò dé Great Smoky Mountains, níbi tí Tennessee àti North Carolina ti pààlà? Ẹni tó bá ń fi ẹwà wọn wéra lójú ọ̀sán kò ní rí ìpinnu ṣe, nítorí ọgbà ìjọba àpapọ̀ ni méjèèjì, orí òkè Appalachia kan náà ni wọ́n wà, àwòrán wọn lórí fóònù sì jọra bí ìbejì. Lójú tèmi, òru ló yẹ ká fi yàn wọ́n. Níbo la ó sùn? Kí la ó fi wẹ̀? Kí ló ń rìn kiri nígbà tí gbogbo wa bá ti sùn? Ta ni kò gbọdọ̀ sùn nílẹ̀ẹ́lẹ̀?

Ọ̀rọ̀ màmá ni ká fi ṣáájú. Kò sí bí ẹbí ṣe máa lọ síbì kan fún ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n á fi màmá tó ti Nàìjíríà wá tọ́jú ọmọ-ọmọ sílẹ̀ kó máa dá jókòó nílé. Shenandoah gba irú ẹbí bẹ́ẹ̀. Ní Big Meadows, ilé àlejò kò jìnnà sí ojú àgọ́. Sháwà wà, ibi ìfọṣọ wà, ṣọ́ọ̀bù tó ń ta áìsì àti igi ìdáná sì wà. Àwọn ọmọ lè sun inú àgọ́ kí màmá sun orí bẹ́ẹ̀dì, kí gbogbo ilé sì jọ jẹun àárọ̀. Smoky kò ní irú ìrọ̀rùn yẹn. Omi tútù àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ la máa bá ní ojú àgọ́ tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ dé. Kò sí sháwà rárá. LeConte Lodge, ilé àlejò tó wà nínú ọgbà náà, orí òkè tó ga ju 6,000 ẹsẹ̀ bàtà lọ ló wà, ẹsẹ̀ la sì fi ń dé ibẹ̀. Ọ̀nà tó kúrú jù tó máìlì márùn-ún, òkè ni títí. Màmá wo ló máa gùn ún? Hòtẹ́ẹ̀lì ní Gatlinburg ló kù, lẹ́yìn odi ọgbà, kí ẹbí máa pín sí méjì lálaalẹ́.

Ti owó àti ọ̀nà kò gba àròjù. Láti Prince George's County, nǹkan bíi wákàtí kan àbọ̀ sí méjì ni ẹnu ọ̀nà Shenandoah tó wà ní Front Royal. Smoky á gbà tó wákàtí mẹ́jọ. (Ẹ̀yin ará Atlanta, ẹ yí ìṣirò yìí padà, ẹ̀yin lẹ súnmọ́ Smoky.) Shenandoah ń gba $30 lórí mọ́tò kan fún ọjọ́ méje. Smoky kì í gba owó ẹnu ọ̀nà, nítorí nígbà tí Tennessee fi títì tó gba Newfound Gap lé ìjọba àpapọ̀ lọ́wọ́, ó fi àdéhùn sí i pé wọn ò gbọdọ̀ gbowó lórí rẹ̀. Láti 2023 ṣá, ẹni tó bá gbé ọkọ̀ sílẹ̀ ju ìṣẹ́jú 15 lọ gbọ́dọ̀ ra káàdì: $5 lóòjọ́, $15 lọ́sẹ̀. Owó epo á ti gbé gbogbo èrè yẹn lọ kẹ́ ẹ tó débẹ̀.

Tó bá jẹ́ igbó gan-an lẹ̀ ń wá, Smoky ló borí. Ilẹ̀ rẹ̀ tó 522,000 éékà, nígbà tí ti Shenandoah jẹ́ nǹkan bí 200,000. Púpọ̀ nínú igbó Shenandoah, oko àti pápá ìjẹko màlúù ni tẹ́lẹ̀; wọ́n kó àwọn ará ibẹ̀ kúrò nítorí ọgbà náà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1935, igi sì hù padà lórí ebè. Wọ́n gé igi ní Smoky náà dáadáa, àmọ́ apá tó pọ̀ wà níbẹ̀ tí ayùn kò dé rí, irú igi tó wà níbẹ̀ sì lé ní 100. Kuwohi, ṣóńṣó rẹ̀ tó ga jù, jẹ́ 6,643 ẹsẹ̀ bàtà. Hawksbill ti Shenandoah kò ju 4,051 lọ.

Gíga yẹn kọ́ ni ká máa yangàn lé lórí, òun ló ń mú òjò wá. Lórí àwọn òkè Smoky, òjò ọdún kan lè tó ínǹṣì 85, ó sì ju ti Ìbàdàn lọ fíìfíì. Òtútù orí òkè lè fi ìwọ̀n 10 sí 20 lórí Fahrenheit ju ti ìsàlẹ̀ lọ lọ́jọ́ kan náà. Ẹni tó kó ṣòkòtò jíǹsì àti búláńkẹ́ẹ̀tì òwú lọ nítorí pé oṣù Keje ni, yóò gbọ̀n di àárọ̀, nítorí òwú tó bá tutù kì í gbẹ nínú ìkúukùu. Ẹ ra àgọ́ tí ìbòrí rẹ̀ bò ó dé ilẹ̀, kẹ́ ẹ sì fọ́n omi sí i lára ní ẹ̀yìnkùlé yín kẹ́ ẹ tó gbéra.

Ohun kan wà ní Shenandoah tí mi ò lè gbójú fò. Nígbà tí òfin Virginia ṣì ń ya aláwọ̀ funfun àti aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀, Lewis Mountain ni wọ́n yà sílẹ̀ fún àwọn aláwọ̀ dúdú, wọ́n sì ṣí i ní 1939. Ó di 1950 kí ìyàsọ́tọ̀ yẹn tó kásẹ̀ nílẹ̀ pátápátá nínú ọgbà náà. Ojú àgọ́ Lewis Mountain ṣì wà lónìí, òun ló kéré jù nínú wọn, ó sì ní àwọn ilé kéékèèké tí a lè háyà fún àwọn àgbà. Tó bá jẹ́ èmi ni mò ń kó àwọn ọmọ tí a bí sí Amẹ́ríkà lọ, ibẹ̀ ni màá kọ́kọ́ wá àyè sí ṣáájú Big Meadows, kí wọ́n gbọ́ ìtàn náà lórí ilẹ̀ tó ti ṣẹlẹ̀.

Ní ti béárì, méjèèjì ní in, Smoky nìkan ní tó 1,500 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹranko yìí kì í sábà wá èèyàn, oúnjẹ ló ń wá, imú rẹ̀ sì ju ti ajá lọ. Ibí ni oúnjẹ wa ti léwu ju búrẹ́dì aláwọ̀ funfun lọ: irú, ẹja gbígbẹ, ọbẹ̀ tí a fi ata díndín sè. Ẹ din ọbẹ̀ nílé, ẹ gbé e sí fíríísà, kó jẹ́ pé gbígbóná lásán ló kù lórí sítóòfù. Fi irú sílẹ̀ nílé, àní sẹ́. Gbogbo oúnjẹ, títí kan ọṣẹ ìfọyín, inú mọ́tò tí a tì pa ni wọ́n á sùn. Igi ìdáná náà, ẹ má ṣe dì í láti ilé, nítorí kòkòrò tó ń pa igi máa ń bá a wọ inú igbó. Èyí tí wọ́n ti fi ooru pa kòkòrò inú rẹ̀ ni kẹ́ ẹ rà.

Síbẹ̀, alẹ́ kan wà tí Smoky ní tí Shenandoah kò ní. Láàárín ìparí oṣù Karùn-ún àti àárín oṣù Kẹfà, fún bí ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tanátaná kan máa ń jáde ní Elkmont, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ń tàn lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n sì ń ṣókùnkùn lẹ́ẹ̀kan náà. Èrò pọ̀ débi pé ọgbà ń ṣẹ́ kèké láti mọ ọkọ̀ tó máa wọlé láwọn alẹ́ yẹn. Ẹni tó ti gba àyè àgọ́ ní Elkmont kò sí nínú kèké. Ó ti wà nílé.

Nítorí náà, ẹbí tó ní màmá àti ọmọ ọwọ́, Shenandoah ni, mi ò ní jiyàn lórí ìyẹn. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ti lè gbé ẹrù ara rẹ̀, kó lọ sí Smoky nígbà tanátaná, kó sì gbà pé òun ò ní fi omi gbígbóná wẹ̀. Oṣù mẹ́fà ṣáájú ni wọ́n ń ṣí ìwé àyè ibẹ̀ lórí Recreation.gov. Ẹni tó ń wá Elkmont fún ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá ni kó ti jókòó ti kọ̀ǹpútà, nígbà tí àwọn yòókù ń ra aṣọ Kérésì.