Eré kọ́, iṣẹ́ ni: kíkọ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní iṣẹ́ ọnà

 

Ọ̀rọ̀ tòní kan òbí, ó kan olùkọ́. Ọmọ yín ti ilé-ẹ̀kọ́ dé. Ó fi igi ya àwòrán sí ilẹ̀, tàbí ó fi amọ̀ mọ adìẹ. Ọ̀pọ̀ nínú wa á ní: "Fi eré sílẹ̀, lọ mú ìwé rẹ." Ṣé eré ni lóòótọ́? Rárá o. Ojú rẹ̀ ń kọ́ ẹ̀kọ́, ọwọ́ rẹ̀ náà ń kọ́ ẹ̀kọ́.

Ẹ rántí ìgbà tí ẹ̀yin fúnra yín bẹ̀rẹ̀ ìwé. Ọwọ́ tó mọ ọkọ́ lò dáadáa ń gbọ̀n nígbà tó di ohun ìkọ̀wé mú. Ọmọ tó ń yàwòrán ń tọ́ ọwọ́ rẹ̀ sọ́nà. Ìdí kan nìyẹn tí iṣẹ́ ọnà fi yẹ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó sì wà lára ohun tí a ń kọ́ àwọn ọmọ níbẹ̀ ní Bẹ̀nẹ̀.

Àwọn baba wa ti fi ọ̀nà lélẹ̀

Ẹ wo ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ní ọdún 2001, UNESCO kéde pé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ jẹ́ ogún iyebíye fún gbogbo aráyé. Ní ọdún 2008, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé wọn ní orúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò. Ìsàlẹ̀ ère náà ni ojú ènìyàn, tó tutù pẹ̀sẹ̀. Òkè rẹ̀ ni oníṣẹ́ ti ń dá àrà: ejò, ẹyẹ, ìyá tó ru ẹrù, ẹ̀rọ ìránṣọ, alùpùpù. Oníṣẹ́ náà wo ohun tó yí i ká, ó rò ó, kí ó tó gbẹ́ ẹ. Ohun tí a fẹ́ kọ́ ọmọ gan-an nìyẹn: kí ó wò, kí ó rò, kí ó ṣe.

Agbẹ́gilére kì í kọ́kọ́ gbẹ́ ẹyinjú. Ìpele mẹ́rin ni iṣẹ́ rẹ̀. Ìkíní ni ọ̀nà lílé: ó ń yọ orí, ara àti ẹsẹ̀ ní gbàǹgbà. Ìkejì ni alétúnlé: ó ń yọ etí, imú, ọwọ́. Ìkẹta ni dídán: ó ń mú ara ère jọ̀lọ̀. Ìkẹrin ni fínfín: ìgbà yìí ló ń fín ilà, irun àti ojú.

Ẹ jẹ́ ká fi amọ̀ mọ adìẹ

Ọ̀nà mẹ́rin yìí dára fún ọmọdé. Ẹ ṣa òkúta kúrò nínú amọ̀, kí ẹ pò ó títí yóò fi rọ̀. Ẹ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n ìkúùkù rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ mú adìẹ gidi wá, kí wọ́n wò ó dáadáa.

1. Kí ọmọ mọ ara adìẹ bí ẹyin, kí ó fa ọrùn rẹ̀ sókè. Kò tíì sí ojú, kò tíì sí ìyẹ́.
2. Kí ó fi ogbe, ìrù àti apá kún un. Kí ó fi igi ha ojú ibi méjèèjì tí yóò so pọ̀, kí ó fi ẹrọ̀fọ̀ amọ̀ sí i. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò já bọ́ nígbà tó bá gbẹ.
3. Kí ó fi ìka tútù ra á lára kí ó dán.
4. Kí ó wá fi ìgbálẹ̀ fín ìyẹ́ àti ojú sí i.

Abẹ́ ìbòòji ni kí ẹ gbé e sí kí ó gbẹ. Oòrùn gangan a máa mú amọ̀ sán.

Ọ̀dà tí kò ná wa lówó

Èédú ni dúdú, ilẹ̀ pupa ni pupa, ẹfun ni funfun. Ẹ lọ̀ wọ́n, kí ẹ fi aṣọ jọ̀ wọ́n, kí ẹ fi omi ẹ̀kọ díẹ̀ pò wọ́n kí wọ́n lè mú. Orín tí a jẹ lẹ́nu títí ó fi rọ̀ ni a ó fi kùn ún. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Páálí àlòkù tó láti yàwòrán sí. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe tú bátìrì tọ́ọ̀ṣì láti fi dúdú inú rẹ̀ kun nǹkan. Ó léwu fún ọmọ.

Kí ni a ó fi í ṣe?

Iṣẹ́ ọnà kì í ṣe ẹwà nìkan. Ẹ gbé àmù àti ìṣaasùn síwájú ọmọ. Èé ṣe tí wọn kò fi jọra? Ẹnu ìṣaasùn fẹ̀ kí a lè fi ìgbakọ rò ó. Omi ń yọ díẹ̀díẹ̀ gba ara àmù jáde, atẹ́gùn ń gbẹ ẹ́, nítorí náà ni omi inú rẹ̀ fi ń tutù. Ẹ wá ní kí ọmọ ya àgò adìẹ tí òun ì bá hun. Ihò rẹ̀ ní láti gba atẹ́gùn wọlé, kò sì gbọdọ̀ gba òròmọ-adìẹ jáde. Ọmọ tó ń ro irú èyí ń kọ́ iṣẹ́ káfíńtà, iṣẹ́ bíríkìlà àti iṣẹ́ aránṣọ.

Ẹ má fi ọmọ ṣẹ̀sín

Ọmọ kékeré lè ya ènìyàn kí orí rẹ̀ tóbi jù. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bí a bá wọn àgbàlagbà láti òkè dé ilẹ̀, orí rẹ̀ tó bí ìdá kan nínú méje. Lára ọ̀pọ̀ ère Yorùbá, orí tó bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Agbẹ́gilére mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, nítorí orí ni olórí ara. Ọmọ náà ń fi ohun tó ká a lára hàn. Ẹ sọ fún un pé: "Sọ ohun tí o ṣe fún mi." Ẹ má gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ láti bá a ṣe é.

Lóòótọ́, nílẹ̀ wa, obìnrin ló ń mọ ìkòkò, ọkùnrin ló ń gbẹ́ ère. Ní ilé-ẹ̀kọ́, kí tọkùnrin tobìnrin ṣe gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ pe ìyá amọ̀kòkò tàbí baba ahunṣọ wá sí kíláàsì. Bí kò tilẹ̀ mọ̀wé, olùkọ́ ni lọ́jọ́ náà.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí a bá lé gbogbo ọmọ kúrò nídìí amọ̀ àti igi, ta ni yóò gbẹ́ ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lẹ́yìn àwọn àgbà tó ń gbẹ́ ẹ lónìí?

Ẹ jẹ́ ká jíròrò

1. Kí ni ìpele mẹ́rin iṣẹ́ agbẹ́gilére?
2. Ta ni ó mọ iṣẹ́ ọwọ́ ní abúlé yín tó lè kọ́ àwọn ọmọ?
3. Kí ni ọmọ yín ṣe lọ́sẹ̀ yìí? Ṣé ẹ bi í léèrè?