Bí Ilé-Iṣẹ́ Aṣọ Ṣe Di Ilé Gbígbé ní SoHo

Ẹni tó bá fẹ́ ra ilé ní SoHo, ní ìlú New York lónìí, kó yáa di owó ńlá mọ́wọ́. Gbọ̀ngàn fífẹ̀ tí kò ní ògiri láàárín, òpó irin, fèrèsé tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà: ohun tí àwọn olówó ń du nìyẹn. Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ irú ìgbé ayé bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Wọn kò lówó lọ́wọ́, wọ́n sì ń sá fún wolé-wolé.

Ní ìdajì kejì ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni wọ́n kọ́ púpọ̀ nínú àwọn ilé náà fún àwọn oníṣòwò aṣọ. Wọ́n ń yọ́ irin, wọ́n ń dà á sínú mọ́ọ̀dù, wọ́n á wá fi bóòtì so ó pọ̀ di ojú ilé. Òpó irin tẹ́ẹ́rẹ́ lè gbé ẹrù tí ògiri bíríkì tó nípọn ń gbé, nítorí náà àyè ṣí sílẹ̀ fún fèrèsé ńlá, ìmọ́lẹ̀ sì ń dé ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ nígbà tí kò tíì sí iná mànàmáná.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ilé-iṣẹ́ aṣọ ń kó lọ sí apá gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, níbi tí owó òṣìṣẹ́ ti kéré. Iná ń sọ lemọ́lemọ́ nínú èyí tó ṣẹ́ kù, débi pé àwọn panápaná ń pe àdúgbò náà ní Ọgọ́rùn-ún Éékà Ọ̀run Àpáàdì. Robert Moses, aláṣẹ ètò ìkọ́lé ìlú náà, tún fẹ́ la títì márosẹ̀ gba ibẹ̀ kọjá. Onílé wo ni yóò náwó sórí ilé tí wọ́n fẹ́ wó? Wọ́n bá ń fi í háyà ní pọ́ọ́kú.

Ohun tí àwọn ayàwòrán ń wá gan-an nìyẹn. Àwòrán ìgbà náà ti tóbi ju ohun tí yàrá kan lè gbà lọ. Wọ́n gba àyè náà bí ibi iṣẹ́, wọ́n sì ń sùn síbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin kò fàyè gbà á. Kò sí ilé ìdáná, kò sí balùwẹ̀, epo ẹ̀rọ sì ti mu pákó ilẹ̀ yó. Nírọ̀lẹ́, tí àwọn òṣìṣẹ́ bá ti lọ, onílé á pa ẹ̀rọ amúlégbóná, ìbáà jẹ́ ìgbà yìnyín.

Ohun tí wọ́n fi tún un ṣe kò jìnnà. Wọ́n ń wó ilé àtijọ́ káàkiri ìlú, àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń kógbá sílé sì ń da ẹrù síta. Ọpọ́n ìwẹ̀, ilẹ̀kùn, páìpù, pákó, tábìlì tí wọ́n ti ń gé aṣọ rí: ẹni tó bá tètè dé ló ni ín. Ẹni tó mọ iṣẹ́ púlọ́mbà á bá ẹni tó mọ iṣẹ́ iná ṣe tiẹ̀, ìyẹn náà á sì san án padà. Lálẹ́, wọ́n á fi aṣọ dúdú bo fèrèsé. Ìdọ̀tí wọn, ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ń gbé e lọ dà, nítorí eegun adìyẹ nínú pàǹtírí ilé-iṣẹ́ lè tú àṣírí wọn.

Lọ́dún 1961, ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán ayálégbé halẹ̀ pé àwọn kò ní pàtẹ iṣẹ́ àwọn mọ́ bí ìjọba kò bá yé lé àwọn kiri. Ìjọba ìlú gbà, pé kí wọ́n sáà kọ A.I.R. (Artist in Residence, ìyẹn ni pé oníṣẹ́ ọnà ń gbé ibẹ̀) àti àjà tí wọ́n wà sí iwájú ilé, kí panápaná lè mọ̀ pé ènìyàn ń sùn lókè.

Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Lọ́dún 1967, George Maciunas, ọmọ ilẹ̀ Lithuania, kó àwọn oníṣẹ́ ọnà jọ, wọ́n dáwó ra ilé ní 80 Wooster Street, wọ́n sì pín àjà rẹ̀ láàárín ara wọn. Ó ra òmíràn lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gba gbogbo àṣẹ tó yẹ. Nígbà tí ọ́fíìsì agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ ń wá a, ó to abẹ irin sára ilẹ̀kùn rẹ̀!

Donald Judd, oníṣẹ́ ọnà ère, ní tirẹ̀ dá ra ilé alájà márùn-ún ní 101 Spring Street lọ́dún 1968, ní dọ́là 68,000. Pàǹtírí kún inú rẹ̀. Ó kó o dànù, kò sì gé àjà kankan sí yàrá wẹ́wẹ́: òun àti ẹbí rẹ̀ ń jẹun lórí ọ̀kan, ó ń ṣiṣẹ́ lórí òmíràn, wọ́n ń sùn lókè pátápátá.

Wọ́n pa ètò títì Moses tì lọ́dún 1969. Nígbà tó di 1971, òfin fàyè gba àwọn oníṣẹ́ ọnà tó ní ìwé ẹ̀rí láti máa gbé SoHo. Ìbẹ̀rù ló ti mú ilé náà pọ́ọ́kú: ìbẹ̀rù pé wọn yóò wó o, ìbẹ̀rù pé wolé-wolé yóò lé ayálégbé. Bí ìbẹ̀rù méjèèjì ti kúrò, owó rẹ̀ fò sókè. Òfin ọdún 1982 gbìyànjú láti dáàbò bo àwọn ayálégbé irú ilé bẹ́ẹ̀ káàkiri ìlú, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọnà ti kó ẹrù lọ sí Brooklyn.

Ní Oṣù Kejìlá ọdún 2021, ìgbìmọ̀ ìlú tún òfin SoHo ṣe: òfin tuntun náà fàyè gba ẹni tí kì í ṣe oníṣẹ́ ọnà láti gbé ibẹ̀, bó bá san owó sí àpò ìrànwọ́ iṣẹ́ ọnà. Iṣẹ́ ọwọ́ ni àwọn àkọ́kọ́ fi gba àyè náà. Owó ni àwọn tó dé lẹ́yìn fi ń gbà á.